Ulé Ńkọ́?

Nígbà tí a wà ní ọdún kìíní, ní kíláàsì fònẹ́tíìkì aago mẹ́jọ òwúrọ̀, olùkọ́ wa kọ fáwẹ́lì àìránmúpè méje sójú pátákó. Ó ní gbogbo wọn ló lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá, àfi u. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ulé ńkọ́?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo tún un sọ sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́: "Ó ní ulé!" Ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ń ṣàlàyé pé Yorùbá àjùmọ̀lò lòun ń sọ, pé ti ẹ̀ka-èdè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ariwo ti bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọbìnrin náà bá wa rẹ́rìn-ín, ó sì dojú kọ ìwé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà la ti ń pè é ní Kete, láti ara Èkìtì Kete. Ó di ọ̀rẹ́ mi. Ó di ọdún mẹ́ta tí a ti jọ ń gbé yàrá kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì wa méjì míì. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde mọ bí ó ṣe ń rí: ẹ jọ mu gàrí nígbà tí owó bá tán, ẹ jọ gbé kẹ́ẹ̀gì lọ pọnmi ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ jọ sùn sórí ìwé nígbà ìdánwò. Mo mọ ìró ẹsẹ̀ Kete lórí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ulé lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ohun kan wà tí kò yé wa. Ní gbogbo alẹ́ Sunday, bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, fóònù rẹ̀ á dún, á sì jáde lọ sí ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì níbi tí a ń sá aṣọ sí. Ó lè lo ìdajì wákàtí níbẹ̀. Bó bá wọlé, àwa mẹ́ta á bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Bọ̀dá ti pè!" Kì í bá wa jiyàn.

A dé ọdún ìkẹyìn, ó kan iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. Lẹ́yìn tí alábòójútó mi ti dá orí-ọ̀rọ̀ méjì padà fún mi, mo mú èyí tó fọwọ́ sí: fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ka-èdè Èkìtì. Bẹ́ẹ̀ ni o, u yẹn gan-an. Nígbà tí mo sọ fún Kete, ó wò mí díẹ̀, ó ní, "Ó dáa."

Mo ka ohun tí mo rí kà. Mo mọ̀ pé láti ọdún 1967 ni Adétugbọ̀ ti pín ẹ̀ka-èdè Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà sí ìsọ̀rí ńlá mẹ́ta, tí Èkìtì sì wà ní ìsọ̀rí ti àárín. Àmọ́ alábòójútó mi ní kí n lọ fetí ara mi gbọ́ ọ. Ìyẹn ni mo ṣe dábàá pé kí àwa mẹ́rin lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Ìkógòsì, lọ́dọ̀ ìyá àgbà Kete. Mo ní ká lọ sinmi lẹ́yìn tẹ́ẹ̀sì. Inú àpò mi, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wà níbẹ̀.

A wọ ọkọ̀ ní Ìwó Róòdù lọ́sàn-án Friday. A gba Ifẹ̀, a gba Iléṣà, àwọn òkè bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ títì. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a dé. Ìyá àgbà jókòó sí iwájú ilé pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò. Èmi, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n kọ́ nílé, mo kúnlẹ̀: "Ẹ káalẹ́ mà. Ẹ kú ilé o. Ṣé dáadáa lẹ wà mà?"

Màmá wo ẹ̀yìn mi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ nǹkan kan, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ọ. Èmi tó máa gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè lóṣù mélòó kan sí i, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín ní Yorùbá, n kò sì gbọ́ ọ. Kete nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Ó ń bèèrè pé èèyàn mélòó lò ń kí. Ó ní òun nìkan ló wà níbí."

Lẹ́yìn náà ni òun náà kí i. Ó fi eékún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ó sì pe màmá tó tọ́ ọ dàgbà ní ùwọ. Nílé wa, bí mo bá pe ìyá àgbà mi ní ìwọ, ẹnu mi á wú. Àmọ́ n kò rí ìwà àfojúdi kankan nínú ohun tí mo rí yẹn. Màmá fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ, Kete sì ń fèsì pẹ̀lú ohùn kan tí n kò gbọ́ rí. Ó yá ju ohùn tí mo mọ̀ lọ. Ó ń pa àwọn àgbàlagbà lẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló yé mi pé "Bọ̀dá" Sunday rèé.

Láàárọ̀ Saturday, a lọ síbi ìsun omi. Omi gbígbóná ń sun níbẹ̀, omi tútù ń ṣàn bọ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì pàdé. Àwọn méjì tó kù ń ya fọ́tò. Èmi àti Kete ki ẹsẹ̀ bọ omi.

Mo ní, "Ṣé o rántí kíláàsì fònẹ́tíìkì yẹn?"

Kò bi mí pé èwo. Ó ní, "Mo rántí."

Mo ní kó dárí jì mí, pé èmi ni mo pariwo. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ẹ̀rín tiwa kọ́ ló dun òun jù. "Èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín. Ulé tí wọ́n ti tọ́ mi ni mo fi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń lọ sẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì." Mo bi í bóyá ká má pè é ní Kete mọ́. Ó ní ká máa pè é bẹ́ẹ̀, Kete kì í ṣe èébú.

Mo wá sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó wà nínú àpò mi. Ó ní òun ti mọ̀ láti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kí n fẹnu ara mi tọrọ àyè lọ́wọ́ màmá. Mo tọrọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Màmá gbà, ó sì ka ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi títí oorun fi gbé e lọ: ulé, ùlú, uṣẹ́. Bí mo bá ṣì í pè, á ní kí n tún un pè. Kò sẹ́ni tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ ọdún kìíní, ẹ máa dé kíláàsì yẹn láìpẹ́. Òótọ́ ni olùkọ́ máa sọ nípa Yorùbá àjùmọ̀lò. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ní "Ulé ńkọ́?", ẹ ní kó nawọ́ sókè kó bi olùkọ́. Ìbéèrè gidi ni. Orí mẹ́rin ni mo ti fi kọ ọ́ báyìí, n kò tíì parí.

Ní Sunday tí a padà dé, aago mẹ́sàn-án lù, fóònù dún. Kete kò jáde. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló jókòó sí tó ti gbé e, tó ń sọ Èkìtì rẹ̀ létí gbogbo wa. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá ń bèèrè yín," ó ní. "Ó ní ẹ mélòó lẹ wà nínú yàrá yẹn?"