Aṣọ Ìnura Lójú Ìjà

Àwọn àgbà ní a kì í fi oníjà sílẹ̀ kí á gbájú mọ́ alápepe, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí létí láti kékeré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí mo bá ń wo ìjà, ìbáà ṣe ìjàkadì abẹ́ òṣùpá tàbí ìjà ẹ̀ṣẹ́ orí tẹlifíṣọ̀n, n kì í yí ojú mi kúrò lára àwọn méjì tí wọ́n wọ̀yá ìjà. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà, ọdún 2000, tí àwọn ará Jàpáànù kó àwọn alágbára ilẹ̀ gbogbo jọ sí Tokyo, tí ó sì jẹ́ pé lẹ́yìn tí mo wo ìjà ọdún náà tán, tí mo tún un wò lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tí ó dúró sí ìta okùn ni wọ́n kún ojú mi, tí oníjà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé.

N kò sí ní Tokyo nígbà náà, n kò sì tíì dé ibẹ̀ títí di òní. Ìbàdàn ni mo jókòó sí. Ohun tí ó mú mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà ni Bobby Ologun, ọmọ Nàìjíríà tí orúkọ rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bèèrè ẹ̀yà tí ó ti wá, tí ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí tẹlifíṣọ̀n Jàpáànù, tí ó sì bọ́ sójú ìjà ní Osaka ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2005, tí ó borí Akebono, ọkùnrin gìrìwò tí ó ti jẹ yokozuna rí, èyí tí í ṣe oyè tí ó ga jù lọ nínú ìjàkadì súmò. Ayọ̀ ìròyìn yìí ni mo fi tọ ojúlùmọ̀ mi kan lọ, ẹni tí ó máa ń kó fídíò ìjà jọ, pé kí ó yá mi ní ti Bobby. Kò ní in, nítorí ẹgbẹ́ mìíràn ni ó ṣe agbátẹrù ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó kó àwo fídíò mìíràn lé mi lọ́wọ́, ó ní bí mo bá wò ó tán, n óò mọ ẹni tí ó ń parí ìjà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé mi lọ́jọ́ náà.

PRIDE ni orúkọ ẹgbẹ́ tí ó ṣe àwọn ìjà inú àwo fídíò náà. Oṣù Kẹwàá ọdún 1997 ni wọ́n kọ́kọ́ pe èrò jọ sí Tokyo Dome, pápá olórùlé tí wọ́n ti ń gbá besibọ́ọ̀lù, láti wá wo ìjà tí kò gba ẹ̀ṣẹ́ kí ó kọ ìpá, tí kò sì gba ìgbéṣánlẹ̀ kí ó kọ ìlọ́pá. Ní ọdún 2000 ni wọ́n wá dá ìdíje ńlá sílẹ̀. Ọkùnrin 16 ni wọ́n jà ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní, mẹ́jọ ṣubú, mẹ́jọ kù. Wọ́n sì dá ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún fún àwọn mẹ́jọ tí ó kù pé kí wọ́n padà wá sí pápá kan náà, kí ẹni tí yóò bá gba adé ja ìjà mẹ́ta ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fi ọkàn rò ó wò.

Kazushi Sakuraba wà nínú àwọn mẹ́jọ náà, ọmọ Akita ní ìhà àríwá Jàpáànù, a-rẹ́rìn-ín-wọ̀jà, a-fọgbọ́n-dá-òmìrán, ọkùnrin tí kò ga tí kò sì sanra, tí í máa wọ ṣòkòtò pénpé aláwọ̀ ọsàn bọ́ sójú ìjà bí ẹni tí ó ń lọ síbi àríyá. Ẹni tí wọ́n fi kò ó lójú ni Royce Gracie, ará Bràsíìlì, ọmọ ilé àwọn a-lọ́-apá-lọ́-ọrùn, ẹni tí ó lọ sí Denver ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1993 tí ó borí àwọn tí ó wúwo jù ú lọ ní ìjà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ UFC ṣe.

Ẹni tí yóò bá mọ ohun tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ní láti padà sẹ́yìn jìnnà. Ọmọ Jàpáànù kan tí ń jẹ́ Mitsuyo Maeda, ògbóǹtarìgì nínú júdò, rìn ká ayé títí ó fi dé Bràsíìlì ní ọdún 1914. Ó tẹ̀dó sí Belém, ó sì fi ohun tí ó mọ̀ kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Carlos Gracie. Carlos ni ilé náà ti gba iṣẹ́ ọ̀hún. Hélio, àbúrò rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò le tó ti àwọn yòókù, sì tún un dá títí ó fi bá agbára tirẹ̀ mu. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1951, Masahiko Kimura, àgbà nínú júdò, wá láti Jàpáànù pàdé Hélio ní pápá Maracanã ní Rio de Janeiro. Ó mú apá Hélio, ó lọ́ ọ sẹ́yìn, ó ń lọ́ ọ lọ, Hélio kò sì túúbá. Carlos ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ju aṣọ ìnura sójú ìjà láti fi túúbá fún un. Láti ọjọ́ náà wá ni àwọn ará Bràsíìlì ti ń pe ìlọ́pá yẹn ní kimura, wọ́n fi orúkọ ẹni tí ó borí wọn sọ ohun tí ó fi borí wọn, ìwà ọmọlúàbí tí n kì í gbọ́ kí orí mi má wú.

Ọmọ Hélio kan, Royler, ti bọ́ sí ọwọ́ Sakuraba ní oṣù Kọkànlá ọdún 1999. Ìlọ́pá kan náà ni Sakuraba fi mú un. Royler kò túúbá, onílàjà ni ó dá ìjà dúró, ilé Gracie sì bínú gidigidi pé a ta ọmọ àwọn lọ́pọ̀. Nítorí náà, kí Royce tó gbà láti jà, wọ́n béèrè òfin tiwọn: kí abala kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 15, kí abala má lóǹkà, kí onílàjà má lè dá ìjà dúró, kí adájọ́ má sì sọ pé ẹnì kan ni ó borí. Àfi kí oníjà fi ọwọ́ ara rẹ̀ túúbá, tàbí kí ará ilé rẹ̀ ju aṣọ ìnura. Iyì ilé wọn ni wọ́n rò pé àwọn ń dáàbò bò. Ẹrù tí wọ́n sọ̀ kúrò lórí onílàjà, orí ara wọn ni wọ́n gbé e kà.

Ọjọ́ pé. Àwọn Gracie tò wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, olúkúlùkù gbé ọwọ́ lé èjìká ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Sakuraba wọlé pẹ̀lú ẹni méjì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ìbòjú kan náà, èrò kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń kí. Ẹ̀rín pọ̀ nínú abala àkọ́kọ́, nítorí pé Sakuraba ń fa aṣọ júdò tí Royce wọ̀, ó ń fà á ní ṣòkòtò bí ọmọdé tí ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣeré. Bí abala ti ń gorí abala, ẹ̀rín náà gbẹ. Sakuraba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ Royce, ó ń gbá ibi tí ó ti gbá tẹ́lẹ̀, bí agẹgi tí ó mọ ibi tí àáké ti wọlé, títí ẹsẹ̀ fi di ohun tí Royce ń wọ́ kiri. Abala mẹ́fà kọjá. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú! Nígbà tí abala keje fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Royce jókòó ní igun rẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbé e dìde mọ́, ẹnu rẹ̀ kò sì sọ pé ó tó. Rorion, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ó ju aṣọ ìnura. Hélio bàbá wọn wà níbẹ̀, arúgbó ẹni ọdún 86, ẹni tí ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ti ṣe irú nǹkan kan náà fún ní nǹkan bí ọdún 49 sẹ́yìn. Mo ti dá àwo fídíò dúró níbẹ̀ nígbà púpọ̀, tí mo ń wá ojú bàbá náà láàárín àwọn ènìyàn.

Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà tí mo lo ìsinmi kan ní Ọ̀fà, ìlú tí ìjàkadì ti jẹ́ orò, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọ̀fà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan wọ́n fi mí ko ọmọ alápatà kan. Mo gbé e, kò ṣubú. Ó gbé mi, n kò ṣubú. Ó wá gbá apá ọ̀tún mi mú, ó sì lọ́ ọ gba ẹ̀yìn mi lọ sókè. Ìgbọ̀nwọ́ mi ń ké, èmi kò ké. Mo ti pinnu pé bí yóò bá kán, kí ó kán, nítorí pé gbogbo ọmọ ilé ìyá mi ni ó ń wò mí. Àfi bí mo ti rí i tí fìlà kan balẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wa. Fìlà Bàbá Ọ̀fà ni. Ó ti dìde lórí àpótí rẹ̀, ó ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́.” Àwọn ọmọdé hó yèè lé mi lórí. Títí ìsinmi náà fi parí, ìdọ̀bálẹ̀ tí àyà kò kan ilẹ̀ ni mo ń kí i ní òròòwúrọ̀, ó sì ń dá mi lóhùn bí ẹni pé ó kan ilẹ̀.

Ìjà ti alẹ́ Tokyo kò tíì tán. Kazuyuki Fujita ti fara pa níbi tí ó ti borí Mark Kerr, síbẹ̀ ó tún jáde sí Mark Coleman, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ju aṣọ ìnura nígbà tí ìjà kò tíì ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ. Sakuraba pẹ̀lú, lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú rẹ̀, tún padà wá dojú kọ Igor Vovchanchyn, ará Ukraine tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ dà bí òòlù, ó sì bá a jà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko; nígbà tí àwọn adájọ́ ní kí wọ́n tún fi kún un, àwọn tí ó dúró tì í ní igun ju aṣọ ìnura fún òun náà. Aṣọ mẹ́ta ní alẹ́ kan, n kò sì rí ọ̀kan tí ojú tì mí fún nínú wọn. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìíní yàtọ̀: nígbà tí wọ́n ní kí Guy Mezger tún bá Sakuraba ja abala mìíràn, Ken Shamrock tí ó wà ní igun rẹ̀ fi ìbínú mú un lọ sílé, ó ní abala kan ni àdéhùn wí. Ó lè jẹ́ pé ó jàre lórí àdéhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bá àwọn olówó ìjà jà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí ó ń gba ọmọ ìyá rẹ̀ là, n kò sì lè kà wọ́n pọ̀.

Coleman ni ó gba adé. Ará Ohio ni, ó ti bá Amẹ́ríkà ja ìjàkadì ní Òlíḿpíìkì Barcelona ní ọdún 1992, ó ti gòkè rí, ó sì ti já bọ́ débi pé ọ̀pọ̀ ti gbà pé tirẹ̀ ti tán. Ó tẹ Vovchanchyn mọ́lẹ̀, ó ń fi orúnkún lù ú lórí títí ìyẹn fi túúbá. Ó wá sáré bí ọmọ ẹran, ó fẹ́ fò kọjá okùn, okùn gbé e ṣubú, ó dìde, ó ṣì ń yọ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, ní Seibu Dome, Renzo Gracie dé láti gba ẹ̀san ilé wọn. Ọmọ ọmọ Carlos ni Renzo í ṣe, Carlos tí ó ju aṣọ ìnura ní Maracanã. Ó jà dáadáa, n kò lè fi ìyẹn dù ú. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí àkókò pé, Sakuraba mú apá rẹ̀, kimura kan náà, ó yí i po, ìgbọ̀nwọ́ náà sì yẹ̀. Renzo kò túúbá, ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà. Onílàjà ni ó là wọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì yá ju kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́ mú aṣọ. Pẹ̀lú apá tí ó rọ̀ jọwọlọ ni ó fi gba gbohùngbohùn, ó sọ fún gbogbo èrò pé Sakuraba sàn ju òun lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ènìyàn fi ìtàn yìí yin akin, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwo fídíò bá ti kù díẹ̀ kí ó dé ibi ìgbọ̀nwọ́ yẹn, mo máa ń dìde lọ mu omi.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2001, ará Bràsíìlì mìíràn tí kì í ṣe Gracie, Wanderlei Silva, na Sakuraba láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 98. Sakuraba kò sinmi lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń jà, wọ́n ń nà án, ó ń padà wá, ọdún ń gorí ọdún, PRIDE fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní ọdún 2007, Sakuraba ṣì wà lójú ìjà. Akin tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2015, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 46, wọ́n fi kò Shinya Aoki lójú ní Saitama. Aoki gbé e ṣubú, ó jókòó lé e, ó ń lù ú ní ojú. Sakuraba fi ọwọ́ bo orí, onílàjà ń wò. Èmi náà ń wò, mo sì gbọ́ ohùn ara mi nínú yàrá tí èmi nìkan wà, tí mo ń wí pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.” Ó kù díẹ̀ kí ó pé ìṣẹ́jú mẹ́fà kí aṣọ ìnura tó dé.

Bàbá Ọ̀fà ti kú nígbà náà. Ohun tí n kò tíì sọ nípa alẹ́ ìjàkadì wa ni pé, nígbà tí èrò tú ká, fìlà náà ṣì wà nínú eruku, lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi gan-an. Mo rí i, mo sì gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Òun tí ẹ̀yìn ń dùn ni ó rìn wá, tí ó bẹ̀rẹ̀ mú un, tí ó fi lu itan lẹ́ẹ̀mejì kí eruku ara rẹ̀ lè gbọ̀n, tí ó sì dé e padà.