Asawase, Àpò Ghana-Must-Go àti Aṣọ Ìdílé Wa

Asawase wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ìlú Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Gánà. Ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Zongo ni. Ọ̀rọ̀ Háúsá ni Zongo, ohun tó túmọ̀ sí ni ibùdó àwọn àjèjì oníṣòwò. Nínú ọjà ibẹ̀, Twi àti Háúsá lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n ìtàn àwa Yorùbá náà wà ní ìlú yìí.

Kí ọdún 1969 tó parí, ọ̀pọ̀ èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Èjìgbò ló ń ṣòwò ní Gánà. Ní oṣù November ọdún náà, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé kò ṣeé dì lẹ́rù, ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé gbé. Aṣọ ṣeé dì. Ní January 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà, ibẹ̀ sì ni àpò aláràbarà yẹn ti gba orúkọ Ghana-must-go.

Báwo ni àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ń gbé ẹrù ìdílé kan? Rọ́bà tí wọ́n ń pè ní polypropylene ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á tẹ́ ẹ bí ọ̀rá, wọ́n á gé e sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á wá fà á gùn. Kí wọ́n tó fà á, àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí lọ́ mọ́ra wọn. Fífà ló ń tò wọ́n sí ọ̀nà kan ṣoṣo, bí ọwọ̀ tí a dì. Nítorí náà, ọ̀já náà le gan-an bí ẹ bá fà á ní gígùn, ṣùgbọ́n èékánná lè là á sí méjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń hun ún, kí ti òró àti ti ìbú lè gbe ara wọn.

Ọgbọ́n híhun yìí kò ṣàjèjì ní Kumasi. Bonwire, ìlú àwọn ahunṣọ kente, kò jìnnà síbẹ̀. Bí ẹ bá fa òwú tí a kò tíì ràn, wẹ́rẹ́ ni yóò já. Ẹ ràn án, yóò di okùn, nítorí lílọ́ mú kí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan di èkejì mú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Òwú àti rayon ló sábà wà nínú kente àti aṣọ òkè òde òní. Cellulose, èròjà ara ewéko, ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ètò inú wọn yàtọ̀. Fọ́nrán òwú gùn, wọ́n sì wà létòlétò. Bí omi bá kàn án, ó tún ń le sí i. Ti rayon kúrú, kò sì fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Omi ń ráàyè wọ inú rẹ̀, ó sì lè pàdánù bí ìdajì agbára rẹ̀ títí yóò fi gbẹ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù yín. Bí aṣọ tí ìyá àgbà kó dé láti Kumasi bá ṣì wà nínú àpò yẹn, ẹ má ṣe gbé e sínú oòrùn, nítorí oòrùn ń gé fọ́nrán rọ́bà náà, títí àpò yóò fi máa rún bí ewé gbígbẹ. Bí ẹrù bá wúwo, ẹ fi ọwọ́ gbé e nídìí. Aṣọ tó ní rayon, ẹ má fún un nígbà tó bá tutù. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tówẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá ń ká aṣọ, ẹ máa yí ojú ibi tí ẹ ti ń ṣẹ́ ẹ padà, nítorí ibi tí a bá ń ṣẹ́ lójoojúmọ́ ni yóò kọ́kọ́ gé.

Àwọn tó kó aṣọ náà dé ti ń dín kù láàárín wa. Bí ẹ bá ti tú àpò náà, ẹ pe àwọn ọmọ, kí ẹ sọ fún wọn ẹni tó ni aṣọ kọ̀ọ̀kan àti ìlú tó ti rà á.