Wọ́n Ní Àgbo Lásán Ni

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá mi dìde lórí àga, òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú gbì! A gbé wọn dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń dà wọ́n láàmú, wọn kì í sì í fi oògùn òyìnbó wọn ṣeré. Dókítà bi wọ́n bóyá wọ́n tún lo nǹkan mìíràn, wọ́n ní rárá. Èmi ni mo tú àṣírí: "Bàbá, àgbo inú ìkòkò ńkọ́?"

Wọ́n wò mí bíi kí wọ́n gbá mi létí. "Ìyẹn? Àgbo lásán ni!"

Lásán kẹ̀? Egbò asofẹ́yẹjẹ ni o, èyí tí àwọn baba wa fi ń wo wèrè, tí onítọ̀hún á fi sùn fọnfọn. Lọ́dún 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ èròjà kan, reserpine, lára ìbátan igi yìí tó wà ní Íńdíà. Ó wà nínú tiwa náà. Ó ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ń jẹ́ kí ọkàn rọra lù. Wọ́n fi ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àṣé oògùn méjì ni bàbá mi ń lò pọ̀! Ti ọsibítù ní ìwọ̀n, ti ìkòkò, ife ni wọ́n fi ń bù ú.

Èmi ò bá ẹlẹ́wé-ọmọ jà o, àgbo ibà ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n ìyá tó tà á ò béèrè oògùn tí bàbá ń lò, dókítà náà ò béèrè àgbo àfìgbà tí wọ́n ṣubú.

Bàbá ti dé ilé. Ìkòkò ti kúrò lórí iná. Wọn ò tíì máa dáhùn ìkíni mi dáadáa.