Kí Ni Táyà Ẹ̀yìn Ń Sọ?

Àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀kadà náà ṣe rí nìyẹn. Tí nǹkan bá ń ṣe é, ariwo ló fi máa ń sọ ọ́. Àmọ́ ní Ṣógúnlé wa yìí, ariwo ti pọ̀ jù: dánfó ń fọn fèrè, jẹnẹrétọ̀ ń ké, ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ sí pápákọ̀ Ìkẹjà, ọkọ̀ ojú irin ń kọjá. Kí èèyàn tó gbọ́ ohun tí táyà ẹ̀yìn ń sọ, iṣẹ́ ni.

Bùọ̀dá mi ló jẹ́ kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Èrò ló ń fi ọ̀kadà gbé tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, òfin tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà dé ọ̀dọ̀ tiwa náà ní Oṣòdì-Ìsọlọ̀, pẹ̀lú Muṣin, Ṣómólú àti Kóṣọ̀fẹ́. Ni Bùọ̀dá mi bá gba iṣẹ́ dispatch, ó ń gbé ẹrù kiri. Owó iṣẹ́ yẹn la fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n fi ń ra ìwé fún mi. Torí náà, nígbà tí ẹ̀yìn ọ̀kadà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn "wọ́ọ́ọ́", kò sẹ́ni tó lè ṣe bíi pé òun ò gbọ́.

Mẹkáníìkì ní ká pààrọ̀ ṣéènì àti sprocket méjèèjì. Owó ọ̀sẹ̀ kan gbáko nìyẹn o! Mo ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ọ dáadáa ná." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Physics tí mò ń sanwó ẹ̀, jẹ́ ká rí i."

Ẹ̀yin ará kíláàsì mi, ẹ wo bí ẹ̀yìn ọ̀kadà ṣe ń ṣiṣẹ́. Sprocket kékeré wà lára ẹ́ńjìnnì, ńlá wà lára táyà ẹ̀yìn, ṣéènì ló so wọ́n pọ̀. Irú ṣéènì yìí ti pẹ́ láyé: Hans Renold, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, ló gbé e jáde ní 1880. Mo ka eyín sprocket ti Bùọ̀dá mi. Kékeré ní 14, ńlá ní 42. Ẹ fi 14 pín 42, 3 lẹ máa rí. Velocity ratio tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn! Tí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan, sprocket kékeré á yí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Ẹ gbé ọ̀kadà sórí sítáàǹdì ńlá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi jíà sí "free". Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà, ẹ wá máa fọwọ́ yí i jẹ́jẹ́, kí ẹ máa ka iye ìgbà tó dún.

Tó bá dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan bí táyà ṣe yí lẹ́ẹ̀kan, ara táyà ni kí ẹ wò: bóyá ìṣó ló wọ̀ ọ́, bóyá búréèkì ló ń gbá nǹkan, bóyá sprocket ńlá ló tẹ̀. Tó bá dún lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ lọ wo sprocket kékeré. Tí táyà bá yí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kó tó dún, ṣéènì ni, torí pé oríkèé rẹ̀ lé ní 100, ó sì máa pẹ́ kí oríkèé kan tó padà síbi tó ti kúrò. Oríkèé kan ti dípẹtà, ó ti gan. Kẹrosíìnì, búrọ́ọ̀ṣì àti òróró lè tú u sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé lójú títì ló ń dún "gbàrà-gbàrà", ṣéènì ti dẹ̀ jù nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ń dún "wọ́ọ́ọ́" láìdánu dúró, tó sì ń ròkè bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ fura sí bearing àárín táyà.

Ìdájí Sunday kan la ṣe tiwa, lẹ́yìn tí wọ́n kírun àsùbáà tán, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀ orin. Mo fi rúlà ìwé mi wọn ṣéènì níbi tó ti fà le. Ti Bùọ̀dá mi jẹ́ 428, oríkèé kan sí èkejì jẹ́ mílímítà 12.7. Ogún irú ẹ̀ jẹ́ 254 tó bá ṣì tuntun. Tó bá ti fà kọjá 259, ó ti gbó. Èyí tí mo wọ̀n jẹ́ 255. Ṣéènì ò tíì gbó!

Bùọ̀dá mi bá tú ṣéènì kúrò pátápátá, wọ́n tún yí táyà. "Wọ́ọ́ọ́." Wọ́n di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n mì í, ó ń mì sọ́tùn-ún sósì. Mo fi ẹnu síkúrúdíráfà kan irin àárín táyà, mo fi ìdí ẹ̀ sí etí mi. Bíi kí èèyàn máa lọ iyanrìn ló rí. Bearing ni.

Mẹkáníìkì yẹn kan náà ló yọ ọ́. Ó ti dípẹtà, gíríìsì inú ẹ̀ ti tán. Wọ́n ní omi àgbàrá ló máa ń wọ ibẹ̀ tí òjò bá rọ̀. Mi ò bá wọn jà rárá. Etí títì ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, ta ló fẹ́ gbọ́ bearing láàárín dánfó?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe owó nìkan. Ká ní a ti ra ṣéènì tuntun, Bùọ̀dá mi á gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n á máa fi bearing tó ti bàjẹ́ sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà ní Agege Motor Road, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Tí bearing bá fọ́ lórí eré, táyà lè wọ́, ṣéènì lè já bọ́ kó sì di táyà pa. Àtúnṣe tí kò kan ibi tó ń dunni léwu ju kéèyàn má tíì ṣe nǹkan kan lọ, torí pé kò ní jẹ́ kéèyàn fura mọ́.

Ọ̀pọ̀ wa ló ní bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò tó ń gun ọ̀kadà jẹun. Ẹ bi wọ́n léèrè lálẹ́ òní bóyá ẹ̀yìn ẹ̀ ń dún. Ṣọ́ọ̀kì kékeré kan àti rúlà inú báàgì yín ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ kan ṣéènì tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ìka tí ṣéènì bá gé kì í hù padà.