Kí Òjò Tó Dé, Ẹ Wo Ẹsẹ̀ Ògiri

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ilé àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì bo ògiri amọ̀ kí ẹ tó mọ ibi tí omi ń gbà wọ inú rẹ̀.

Àgbo-ilé ìdílé ìyá mi wà ní Mamobi ní Accra, kò jìnnà sí Nima. Bàbá àgbà wa tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́ ọ: amọ̀ ni ògiri, páànù ni òrùlé. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ilé sílẹ̀ lọ. Nínú ìdílé tiwa, ẹnì kan ṣoṣo tó níwèé ló dúró ti ilé. Lónìí, gbogbo wa la ni ín. Ohun tó bá sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ẹni tí yóò tún un ṣe máa ń ṣọ̀wọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ ògiri yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bíríkìlà kan ní ká fi sìmẹ́ńtì tó nípọn lẹ̀ ẹ́. Àbúrò ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó gbá ara ògiri, ó dún bíi korobá òfìfo. Nígbà tó ṣí ibẹ̀, amọ̀ inú rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Amọ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀, a sì máa tú u sí afẹ́fẹ́. Bí sìmẹ́ńtì líle bá bò ó, omi ò ní ríbi jáde. Ara ògiri á máa dán, inú rẹ̀ á máa jẹrà.

Ohun tí a ṣe nìyí. A kó àwọn ọmọ sí yàrá mìíràn. A pààrọ̀ páànù tó ti dógùn-ún, a sì mú etí òrùlé gùn síta kí omi má dà sí ẹsẹ̀ ògiri. A kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, a sì jẹ́ kí ilẹ̀ dà síta. A ha sìmẹ́ńtì náà kúrò, a jẹ́ kí ògiri gbẹ nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn náà la fi amọ̀, yanrìn àti koríko gígé rẹ́ ẹ.

Bí ògiri yín bá sán, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ìparí ibi tó sán, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bó bá kọjá àmì náà, ẹ pe ẹnjiníà. Bí ìka bá wọ ibẹ̀, tàbí tí ògiri bá tẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sùn síbẹ̀ mọ́.

Oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ni òjò Accra máa ń pọ̀ jù. Ẹ rántí ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2015: ìkún omi àti iná tó ṣẹlẹ̀ ní Circle pa ènìyàn tó lé ní 150.

Ní ti owó, èsúsú la fi ṣe é. Ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé ń dá a lóṣooṣù, títí kan àwọn tó wà ní Nàìjíríà. A ò tíì parí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti padà sí yàrá wọn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Òjò náà ò ní wọ̀ ọ́.