Bí Mo Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Mímú Ọmọdé Sọ̀rọ̀ Ìgbàgbọ́

Lọ́dọ̀ Màmá Olùkọ́, ní ìjọ Kátólíìkì wa n'Íbàdàn, ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí kò ní irinṣẹ́ kankan ju ẹnu àti etí lọ. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́ ní katikísìmù. Ọmọ á há àdúrà sórí, á há Òfin Mẹ́wàá àti Sákírámẹ́ǹtì Méje sórí. Màmá kò fojú kékeré wo èyí rárá. Ohun tí ọmọ kò bá mọ̀, kò lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ti kà á tán, Màmá á ní, "Ó yá, ẹ bá ara yín sọ ọ́." Apá yìí gan-an ni mo lọ kọ́.

Àga la fi bẹ̀rẹ̀. A kì í jẹ́ kí ọmọ kankan jókòó sẹ́yìn ẹnìkejì rẹ̀. Agbo ni wọ́n ń ṣe, kí olúkúlùkù lè rí ojú gbogbo èèyàn. Ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, àgbà méjì á sì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá kì í gba àwáwí kankan lórí èyí.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè. "Ta ló dá wa?" dára, ṣùgbọ́n ẹnu kan ló ń dáhùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí. "Ìgbà wo ni àdúrà máa ń nira fún ọ?" ni gbogbo agbo lè dá sí. Bí a bá ti béèrè, ká dákẹ́. Ibi tó le jù nínú iṣẹ́ náà nìyí, nítorí bí a ṣe ń tọ́ ọmọ nílẹ̀ wa: bí àgbà bá wà níjòókòó, ojú àgbà ni ọmọ máa ń wò kó tó la ẹnu, kó lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Nítorí náà, Màmá á tẹrí ba, wọ́n á máa wo Bíbélì ọwọ́ wọn. Bí ọmọ bá sì dojú ìbéèrè kọ wọ́n, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin yòókù ńkọ́? Báwo lẹ ṣe rí i?"

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan béèrè ìdí tí a fi ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún Fáda nígbà tí Ọlọ́run ń gbọ́ níbi gbogbo. Màmá kò fèsì. Ọmọkùnrin kan ní ẹ̀rù máa ń ba òun náà, àmọ́ nígbà tí òun fi etí ara òun gbọ́ pé a ti dárí ji òun, ọkàn òun balẹ̀. Òmíràn ní ohun tí òun ń bẹ̀rù ni kí Fáda má lọ sọ fún ìyá òun. Ìgbà yìí ni Màmá tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì gùn: Fáda kò gbọdọ̀ sọ ohun tó gbọ́ nínú ìjẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ pé wọ́n fẹ́ pa á, Jésù fúnra rẹ̀ ló sì fún àwọn Àpọ́sítélì ní àṣẹ ìdáríjì lẹ́yìn àjíǹde, bó ṣe wà nínú Jòhánù orí 20. Àwọn ọmọ gbá ẹ̀kọ́ náà mú, nítorí àwọn ni wọ́n ń wá a. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà, kí olùkọ́ mọ ìgbà tí ìdáhùn bọ́ sí àsìkò.

Àwọn ọ̀dọ́ le ju àwọn ọmọdé lọ, torí wọ́n ń bẹ̀rù yẹ̀yẹ́. Ìgbésẹ̀ Méje tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ Lumko ní Gúúsù Áfíríkà ni Màmá ń lò fún wọn: a pe Olúwa sáàárín wa, a ka Ìhìn Rere, olúkúlùkù mú ọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn sọ jáde, a dákẹ́, a sọ ohun tí ọkàn wa gbọ́, a gbèrò ohun tí a máa ṣe, a gbàdúrà. Ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, "èmi" ni kí kálukú máa wí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wàásù fún ẹnìkejì tàbí bá a jiyàn.

Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan ti sọ pé àwọn ọmọ kíláàsì òun ní Àgùdà ń bọ Màríà, òun kò sì rí èsì fọ̀. Àṣé ọ̀pọ̀ nínú agbo ló ti gbọ́ ọ rí! Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá èsì. Wọ́n yẹ ìparí "Mo kí ọ, Màríà" wò, níbi tí a ti ń bẹ̀ ẹ́ kó gbàdúrà fún wa, wọ́n sì rí i pé ẹni tí à ń bọ kọ́ là ń ní kó bá wa bẹ Ọlọ́run. Wọ́n ṣí YOUCAT, ìwé katikísìmù àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní 2011. Ìbéèrè àti ìdáhùn ni wọ́n fi kọ ọ́, Póòpù Benedict XVI sì rọ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n máa kà á pẹ̀lú ọ̀rẹ́, ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́. Màmá wá fi ìtàn tì í: àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó ti ń péjọ gbàdúrà lọ́dọ̀ Padre Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà, kí àwọn àlùfáà míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ SMA tó fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ ní 1868. Ẹnu àwọn ọmọ ìjọ ni ìgbàgbọ́ wà nígbà náà.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Bí ọmọ yín bá ti katikísìmù dé, ẹ má wulẹ̀ ní kó ka ohun tó há sórí. Ẹ bi í léèrè ohun tí òun náà béèrè lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì ní sùúrù gbọ́ ọ tán kí ẹ tó dá a lóhùn.