Òkùnkùn Ni Irinṣẹ́ Wa

Inú òkùnkùn ni mo ti kọ́ṣẹ́ fótò. Ọdún 1986 ni mo wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ilé-Ogbó níbí, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Yàrá kótópó kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ dúdú la fi dí fèrèsé rẹ̀, gílóòbù pupa kan ṣoṣo ló sì ń tàn níbẹ̀.

Ọ̀gá á tan iná sórí bébà, èmi á máa kà á: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Bí kíkà mi bá yá jù, àwòrán á funfun báláú. Bó bá falẹ̀, á dúdú bí ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni bébà á wọnú omi oògùn. Irun àti ẹyinjú ló ń kọ́kọ́ yọ, imú á tẹ̀lé e, gèlè á dé kẹ́yìn, títí ìyá àgbà kan á fi máa wò mí láti inú abọ́. Mi ò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Fíìmù tí à ń kì sínú kámẹ́rà Yashica wa kò ju àwòrán 12 lọ, nítorí náà a kì í fi ṣòfò. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, a máa ń ya èyí tó kù, a ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí iṣẹ́ àwọn onífótò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ̀wé nípa irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní 1978. Òkùnkùn ló ń bá wa ṣe é.

Nígbà tó yá, fótò aláwọ̀ dé, a wá ń kó fíìmù lọ fọ̀ ní Ìbàdàn. Kámẹ́rà tí kò lo fíìmù tẹ̀lé e, fóònù sì gba èyí tó kù. Ní oṣù Kíní 2012, Kodak fúnra rẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, sá di kóòtù nítorí gbèsè. Mo já aṣọ dúdú kúrò lójú fèrèsé, mo sọ yàrá náà di ibi ìkẹ́rùsí. Ó dùn mí bí ẹni tí wọ́n gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òṣùpá ló dá a padà fún mi. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Keje, 2018, ayé bọ́ sáàárín oòrùn àti òṣùpá. Láti aago mẹ́jọ ààbọ̀, fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 43, òṣùpá pọ́n bí epo, Mars náà sì ń pọ́n lẹ́bàá rẹ̀. Mo dúró nínú oko pẹ̀lú kámẹ́rà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí ìkùukùu bá ti ṣí, gílóòbù pupa yàrá ọ̀gá mi ni mò ń rí lójú ọ̀run.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ya ìràwọ̀. Eruku ọyẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n hàn. Àkọ́rọ̀ òjò oṣù Kẹta ló ń fọ ojú sánmà mọ́. Ní aago mẹ́rin ìdájí, bí òṣùpá ò bá sí, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Milky Way á ti yọ lápá gúúsù sí ìlà-oòrùn, bí èéfín tó dúró sójú kan. N ó ṣí ojú kámẹ́rà fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, n ó sì máa kà á lẹ́nu bíi ti ìgbà ọmọṣẹ́. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ìràwọ̀ á di ìlà, torí pé ayé ń yí. Aṣọ òwú kékeré wà lápò mi tí mo fi ń nu ìrì kúrò lójú dígí.

Ní oṣù Karùn-ún 2024, àbúrò mi tó wà ní Scotland fi fótò ránṣẹ́: ojú ọ̀run tó rí bí ewé tútù àti àlùkò. Aurora ni. Ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù náà, wọ́n rí i láti Scotland títí dé gúúsù England. Ọmọṣẹ́ mi béèrè pé, "Ọ̀gá, ìgbà wo la máa ya tiwa?" Mo ṣàlàyé fún un pé ohun tí oòrùn ń fẹ́ jáde ló ń kọ lu afẹ́fẹ́ òkè tó fi ń tàn bẹ́ẹ̀, àti pé ìhà òpin ayé ní àríwá àti gúúsù ni òòfà ilẹ̀ ń darí rẹ̀ sí, ó sì jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ mẹ́rin Àgbélébùú Gúúsù máa ń nàró níwájú oko wa lóru oṣù Kẹta. Mo ya èyí ránṣẹ́ sí àbúrò mi, nítorí kò lè rí i láéláé ní Scotland.

Nínú àwòrán mi báyìí, ìmọ́lẹ̀ Ìwó ti ń yọ nísàlẹ̀ bí iná ìgbẹ́. Mi ò ní kí ìlú má tan iná. Ó yẹ kí ọmọ wa rí ọ̀nà lóru. Ẹ̀yin tí ẹ ń ri òpó iná mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dojú gílóòbù kọ ilẹ̀ tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, kí ẹ sì fi òkè sílẹ̀ fún ìràwọ̀.